IYE TÍ A KÒ SỌ NÍNÚ ÌBÉÈRÈ
Ọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ ojú irin erékùṣù Oahu, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwa ará ìlú etí òkun

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ òní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú tí ó jìnnà sí wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé nígbà tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ̀yin tìkára yín yóò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù September ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin titun bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Mile 2, ó ń gba orí ọ̀sà kọjá wọ Marina ní Erékùṣù Èkó. Oṣù méjì ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 30 oṣù June ọdún kan náà, ọkọ̀ ojú irin titun mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oahu, erékùṣù kan ní àárín òkun Pàsífíìkì, níbi tí Honolulu, olú ìlú Hawaii, gbé wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Erékùṣù méjì, ọkọ̀ ojú irin méjì, ọdún kan ṣoṣo. Àwa yọ̀ sí tiwa, ó sì tọ́ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ní Oahu, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè yọ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí pé láti ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti ń bá iṣẹ́ yìí jà, tí wọ́n ń wí pé owó rẹ̀ yóò ju agbára erékùṣù wọn lọ. A pè wọ́n ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Èmi fẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ wọn, kí a tó dá wọn lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe ibẹ̀. Oahu jẹ́ ilẹ̀ kékeré tí òkè ńlá méjì dúró lé lórí, tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn sì ń gbé. Ẹ̀bá òkun ní ìhà gúúsù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn há mọ́. Ọkọ̀ òkun ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn wá láti òkèèrè, nítorí náà gbogbo nǹkan ni ó wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀ ń gbé ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, iṣẹ́ wọn sì wà ní Honolulu. Ọ̀nà kò pọ̀; bí ilẹ̀ bá mọ́, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sínú ọkọ̀ lórí Afárá Kẹta láti òwúrọ̀ kùtùkùtù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé ìyà yìí fún yín. Ìyà náà kì í ṣe àròsọ, àwọn tí ó ń wá ọ̀nà àbáyọ kì í sì í ṣe òmùgọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin pàápàá kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ní ọdún 1889, ọ̀gbẹ́ni oníṣòwò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Benjamin Dillingham ṣí ọ̀nà irin kan tí ó kó ìrèké àti èrò fún ọdún gọbọi, títí ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀nà titun fi gba oníbàárà rẹ̀. A pa á tì ní ìparí ọdún 1947. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa pẹ̀lú ní ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Èkó láti ọdún 1902, tí a sì pa á tì ní 1933. Láti ìgbà náà, àwọn aláṣẹ Honolulu ti gbìyànjú láti mú ọkọ̀ ojú irin padà. Ní ọdún 1992, gbogbo ètò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ owó òde titun, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò: márùn-ún kọ̀, mẹ́rin gbà. Ọ̀rọ̀ náà sùn.

Ó tún jí ní ọdún 2005. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Hawaii fún ìlú náà ní àṣẹ láti fi ààbọ̀ sẹ́ǹtì kún owó òde tí a ń gbà lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a bá ná, gbígbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2007. Ẹ kíyè sí irú owó òde tí ó jẹ́. Kì í ṣe lórí ọrọ̀ olówó nìkan ni a ń gbà á. Ó wà lórí oúnjẹ tí ìyá ọlọ́mọ rà, ó wà lórí aṣọ, ó sì wà lórí owó ilé tí onílé ń gbà, èyí tí onílé sì ń dá padà sí orí ayálégbé. Olówó àti tálákà ń san iye kan náà lórí ìwọ̀n ìrẹsì kan. Ṣùgbọ́n owó ìrẹsì a máa wúwo lọ́wọ́ tálákà, kò sì tó nǹkan nínú owó olówó.

Ní oṣù November ọdún 2008, a pe ará ìlú láti dìbò. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi etí sí ìbéèrè tí a bi wọ́n, nítorí níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. A bi wọ́n bóyá kí agbára ìlú ó ní dídá ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ nínú, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin tí ó ń rìn lórí irin. Ó parí. A kò sọ iye tí yóò náni nínú ìbéèrè náà. A kò sọ ibi tí yóò gbà. A kò sọ ọdún tí yóò parí. Àwọn tí ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni pọ̀ ju àwọn tí ó wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa ohun púpọ̀.

Ní oṣù December ọdún 2012, ìlú náà àti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Níbẹ̀ ni iye wà: dọ́là bílíọ̀nù 5.12. Ìjọba àpapọ̀ yóò mú bílíọ̀nù 1.55 wá nínú rẹ̀. Ọ̀nà náà yóò jẹ́ máìlì 20, láti Kapolei ní ìwọ̀ oòrùn títí dé Ala Moana. Ibùdókọ̀ 21 ni yóò ní. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni yóò sì parí.

Nísinsìnyí, àwọn wo ni ó tako ọ̀ràn yìí? Kì í ṣe àwọn aláìmọ̀kan. Panos Prevedouros wà nínú wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìrìnnà ọkọ̀ ní Yunifásítì Hawaii, ẹni tí ó du ipò olórí ìlú ní ọdún 2008 àti 2010 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Cliff Slater, oníṣòwò, wà níbẹ̀. Ben Cayetano, ẹni tí ó ti jẹ gómìnà Hawaii láti 1994 títí di 2002, fi ìsinmi ogbó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì du ipò olórí ìlú ní ọdún 2012 pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò dá iṣẹ́ náà dúró. Ìbò já a kulẹ̀. Àwọn àgbà wa wí pé àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Irú onílé bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí.

Mẹ́rin ni mo lè ka nínú ohun tí wọ́n ń wí.

Èkínní, iye owó. Bí a bá pín bílíọ̀nù 5.12 fún mílíọ̀nù kan ènìyàn, àti ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là ni yóò kan olúkúlùkù. Ìlú ńlá tí ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, nítorí orí tí yóò rù ú pọ̀. Erékùṣù kò ní aládùúgbò tí yóò bá a gbé e.

Èkejì, àwọn alátakò kò wí pé kí a káwọ́ gbera. Ìlú náà ní bọ́ọ̀sì tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò Amẹ́ríkà fi pè é ní èyí tí ó dára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà, ní 1994 sí 1995, àti ní 2000 sí 2001. Wọ́n ní kí a fi bọ́ọ̀sì kún bọ́ọ̀sì, kí a sì la ọ̀nà pàtàkì fún un, kí ó má baà sí nínú ìtò pẹ̀lú àwọn mìíràn. Bọ́ọ̀sì a máa yà sí ibi tí ènìyàn ṣí lọ. Òpó kọnkéré kò lè ṣí ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìhà Kapolei, níbi tí ilẹ̀ gbé ṣófo, ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí ri òpó, tí a sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àárín ìlú. Ibi tí ó rọrùn ni a kọ́kọ́ ṣe. Ibi tí ó le, tí ọ̀nà gbé há, tí páìpù omi àti wáyà iná gbé dí abẹ́ ilẹ̀ àti òkè, ni a fi sí ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí ó le jù nínú wọn ni òpópónà tí a fi orúkọ Dillingham pè. Ẹni tí ó bá gé aṣọ láti ibi tí ó wù ú, tí kò tíì wọn ibi tí yóò há, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni yóò ti kábàámọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ibojì àwọn bàbá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Hawaii a máa sin òkú wọn sínú iyanrìn etí òkun. Wọ́n ń pe egungun náà ní iwi, ọ̀wọ̀ ńlá ni wọ́n sì ń bù fún un. Abẹ́ ilẹ̀ tí òpó yóò gbà ní ìhà Kakaako, irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ ni. Àwa tí bàbá ńlá wa sin òkú sínú iyàrá ilé, tí a mọ̀ pé ilé tí bàbá ẹni sùn sí kì í ṣe ohun tí a ń tà bí iṣu, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Òfin wí pé kí a wá inú ilẹ̀ wò ní gbogbo ojú ọ̀nà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú náà ń wá a wò ní abala abala, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ. Obìnrin kan, ọmọ onílẹ̀, pe ẹjọ́. Ní oṣù August ọdún 2012, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Hawaii dá a láre. Iṣẹ́ dúró fún nǹkan bí ọdún kan, títí di oṣù September 2013, kí wíwá náà lè parí.

Ẹ̀yin ará, kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Owó òde tí a wí pé yóò dópin ní ìparí ọdún 2022, a sún un sí 2027 ní ọdún 2015. Nígbà tí ó di ọdún 2017, a pe àwọn aṣòfin sí ìpàdé pàtàkì, wọ́n tún sún un sí 2030, wọ́n sì fi owó kún èyí tí àlejò ń san ní òtẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2020 a rí i pé ẹsẹ̀ irin àwọn ọkọ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ojú ibi tí irin gbé pàdé tí ó sì gbé yà. Ó ku nǹkan bí ìdajì íǹṣì kí ó fẹ̀ tó. Ní ọdún 2021, ìṣirò owó iṣẹ́ náà ti kọjá bílíọ̀nù 12. Nígbà tí owó kò tó, ní ọdún 2022, a gé ọ̀nà náà kúrú: ibùdókọ̀ 19 dípò 21, kí ó dúró sí Kakaako, kí ó má dé Ala Moana mọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì gbé ń pàdé. Síbẹ̀ náà, iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 10. Ẹni tí ó fẹ́ ra odindi ẹran san owó ẹran méjì, ó sì gbé ẹran tí kò ní orí lọ sílé.

Ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 ń ti Kapolei lọ sí pápá ìṣeré Aloha, kò sì wọ àárín ìlú. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ni ó ń wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù October ọdún 2025, ó dé Pearl Harbor àti pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó sì dúró ní ìhà òpópónà Middle. Ọdún 2031 ni a ń retí pé yóò dé Kakaako.

Èmi kò fẹ́ ṣe ojúsàájú. Àwọn tí ó fẹ́ ọkọ̀ yìí náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n wí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n wí pé òṣìṣẹ́ tí kò ní mọ́tò yóò rí ọkọ̀ tí kì í dúró nínú ìtò. Òtítọ́ ni, àwọn tí ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ lónìí sì mọ rírì rẹ̀. Wọ́n wí pé ẹjọ́ alátakò pẹ̀lú dá iṣẹ́ dúró, ìdádúró a sì máa sọ owó di púpọ̀. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Wọ́n wí pé ará ìlú ti sọ̀rọ̀ ní 2008, wọ́n tún sọ̀rọ̀ ní 2012 nígbà tí wọ́n kọ Cayetano.

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi yín léèrè: kí ni ará ìlú gbà? Bí ọmọ mi bá wí pé òun fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, tí mo sì wí pé ó dára, tí ó wá padà lọ́la pẹ̀lú ìwé gbèsè mọ́tò ní orúkọ mi, ṣé mo ti gbà? Ẹni tí kò wo ẹnu àáké kí ó rí i pé àáké tirẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí ó yá lọ́wọ́ aládùúgbò láìsọ fún un. Ìbò 2008 kò ní iye nínú. Bílíọ̀nù 5 ni a ń gbọ́ ní 2012. Nígbà tí ó di ìlọ́po méjì, a kò padà lọ bá ará ìlú láti bi wọ́n pé, Ẹ̀yin tí ẹ ni owó, iye ti yí padà. Ṣé kí a máa lọ, ṣé kí a dín in kù, àbí kí a dúró? A lọ bá àwọn aṣòfin, wọ́n sì sún ọjọ́ owó òde síwájú. Èyí ni àìdára tí mo rí nínú ọ̀ràn náà. Kì í ṣe irin ni ó ṣẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìfọwọ́sí tí ènìyàn fún iye kan kì í ṣe ìfọwọ́sí fún iye mìíràn.

Ẹnìkan yóò wí pé: A ti bẹ̀rẹ̀, a kò lè fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí a sọ ní Oahu, òun náà ni ó léwu jù. Nígbà tí òpó ti dúró ní máìlì mẹ́wàá, tí owó ìjọba àpapọ̀ sì ti wọlé, tí a lè béèrè rẹ̀ padà bí a bá kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ ará ìlú ti wà nínú pàkúté. Ìdí nìyí tí mo fi wí pé àkókò àtakò kì í ṣe ìgbà tí òpó ti dúró. Àkókò rẹ̀ ni ìgbà tí ìwé ṣì wà lórí tábìlì.

Àwa náà ti fi owó kọ́ irú ọgbọ́n yìí láti ìhà kejì. Ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà irin Metroline ní Èkó. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé e lẹ́yìn tí a ti tọwọ́ bọ ìwé. Èkó pàdánù owó ńlá, a kò sì rí ọkọ̀ kan ṣoṣo wọ̀. Ọ̀nà tí a tún wá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010 ni ó gbé èrò àkọ́kọ́ ní 2023. Oahu fi hàn wá pé lílọ síwájú láìbéèrè a máa gbówó lórí. Èkó fi hàn pé dídúró lójijì pẹ̀lú a máa gbówó lórí. Ohun kan ni ó wo àrùn méjèèjì sàn, òun ni kí a mọ iye, kí a sì gba àṣẹ onílé, kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa mú lọ sílé. Nígbà tí a bá wá sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá fún ìlú, ì báà jẹ́ ọ̀nà, ì báà jẹ́ afárá, ì báà jẹ́ gbọ̀ngàn ìjọ pàápàá, ẹ béèrè pé, Èló ni, ta ni yóò sì san án? Ẹ béèrè pé, Bí iye bá pọ̀ sí i, ta ni yóò padà wá bi wá, iye mélòó ni yóò sì dé kí ó tó wá? Ẹ sì béèrè pé, Apá wo ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà, ṣé a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ṣe èyí tí ó rọrùn? Bí ẹni tí ó mú iṣẹ́ wá bá lè dáhùn, ẹ ràn án lọ́wọ́ tọkàntọkàn. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ọ̀tá ìlọsíwájú nítorí pé ẹ dá a dúró.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, ọkọ̀ Oahu yóò tún rìn. Mo ń fẹ́ kí ó kún fún èrò, nítorí pé a ti náwó rẹ̀, kò sì sí ẹni rere tí yóò fẹ́ kí owó aládùúgbò rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó lọ ra ìrẹsì ní ọjà Honolulu ní òwúrọ̀ náà yóò san ààbọ̀ sẹ́ǹtì rẹ̀ lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, bí ó ti ń ṣe láti ọdún 2007, bí yóò sì ti máa ṣe é títí di 2030, ì báà wọ ọkọ̀ náà, ì báà má wọ̀ ọ́. Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn alátakò fi sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ ńlá bá dé ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ jẹ́ kí a rántí rẹ̀ kí a tó gbé ọwọ́ sókè.